Ìbọn Wà Léjìká, Ìwé Ò Sí Lọ́wọ́: Bí Èèyàn Ṣe Ń Di Ọmọ Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà Nígbà Ogun Abẹ́lé Wọn

Ogun abẹ́lé tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá, tó wà lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, tó fẹ́ yapa, bá ara wọn jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865 ní apá kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n á ní àwọn àjòjì àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbé ìbọn fún ìjọba àpapọ̀ ti tipa bẹ́ẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí òfin kankan nígbà náà tó ní ẹni tó bá ti jagun ti di ọmọ onílẹ̀. Àwọn ará Jámánì tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà Àríwá tó bí 200,000, àwọn ará Ireland tó bí 150,000. Àwọn aláwọ̀ dúdú bí 179,000 wà lára àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, bí 19,000 sì wà lójú omi. Nínú gbogbo wọn, bóyá ẹnì kan á di ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí kò ní dì í, ohun méjì ló dúró lé: ibi tí wọ́n bí i sí, àti ìwé tó gbà ní kóòtù. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣiṣẹ́ fún un.

Ìwé òfin ilẹ̀ tí wọ́n kọ ní 1787 dárúkọ ọmọ orílẹ̀-èdè níbi púpọ̀, àmọ́ kò sọ ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹjọ́ ń tẹ̀ lé: ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ni. Ní ti àjòjì, òfin 1790 ní kò sí ẹni tó lè gba ìwé àfi òmìnira, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ẹrú, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Wọ́n tún òfin náà kọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1857, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wá sọ nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú kan tó lọ sí kóòtù láti gba òmìnira rẹ̀, pé aláwọ̀ dúdú tí ìran rẹ̀ ti inú ẹrú wá kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ òmìnira. Adájọ́ Àgbà Roger Taney ló kọ ìdájọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún ní oṣù Kẹrin 1861, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Boston, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tó ń san owó orí, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lójú ìdájọ́ yẹn. Ará Jámánì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àná ní ọ̀nà tó là sílẹ̀ jù ú lọ.

Ìwé àkọ́kọ́ àti ìwé kejì

Ọ̀nà yẹn gùn díẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àjòjì máa lọ sí kóòtù. Ní àkọ́kọ́, á lọ bá akọ̀wé kóòtù, á búra pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, pé òun máa kọ ọba tàbí ìjọba tí òun ti wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tó kó kàn sọ pé òun kọ gbogbo ọba; ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà. Ará Ireland á dárúkọ Ọbabìnrin Victoria, ará Bavaria nílẹ̀ Jámánì á dárúkọ ọba Bavaria. Ìbúra yìí ni wọ́n ń pè ní ìwé àkọ́kọ́, ó sì ṣeé ṣe lọ́jọ́ tí èèyàn bá débẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà, á dúró. Òfin 1824 ní ó kéré tán, ọdún méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwé àkọ́kọ́ àti ìkejì. Àjòjì náà sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ọdún kan nínú rẹ̀ jẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí kóòtù yẹn wà. Ìbúra tirẹ̀ nìkan kò tó láti fi ìdí ọdún márùn-ún yẹn múlẹ̀: ó ní láti mú ẹlẹ́rìí wá tó mọ̀ ọ́n, kí kóòtù sì gbà pé oníwà rere ni. Bó bá ní oyè ìdílé láti ìlú rẹ̀, á kọ oyè náà sílẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Ìgbà náà ni á búra tán, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ kóòtù sí ìwé kejì fún un. Ẹni tó dé ní kékeré, tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán níbẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà nígbà tó bá ti dàgbà tí ọdún márùn-ún rẹ̀ sì ti pé. Láti 1855, ìyàwó ọmọ orílẹ̀-èdè náà di ọmọ orílẹ̀-èdè láìlọ sí kóòtù, bí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí òfin lè fún ní ìwé, ìyẹn ni pé kó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn ọmọ wọn tí kò tíì pé mọ́kànlélógún, tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, wọlé tẹ̀ lé bàbá wọn.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni pé kò sí ibì kan tí wọ́n kó gbogbo ìwé yìí jọ sí. Kóòtù ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti àdúgbò pàápàá, bó bá ṣáà ti ní òǹtẹ̀ àti akọ̀wé tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, lè fúnni ní ìwé. Kò sí fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Akọ̀wé ń kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ létí, tó fi jẹ́ pé orúkọ kan náà lè jáde lọ́nà mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta. Ẹni tó gba ìwé àkọ́kọ́ ní New York, tó wá ṣí lọ sí Wisconsin láti lọ dáko, gbọ́dọ̀ mú ìwé náà dání. Bí ìwé bá sọnù, tí kò sì rántí kóòtù tó ti gbà á, àtìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Títí di 1906 ni ètò náà fi wà bẹ́ẹ̀.

Ìbò dídì tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú sí i. Ní Wisconsin, Michigan, Indiana àti Minnesota, àjòjì tó ní ìwé àkọ́kọ́ nìkan lè dìbò. Massachusetts ní tirẹ̀ ṣe òdìkejì: láti 1859, ẹni tó ti gba ìwé kejì pàápàá gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún méjì sí i kó tó dìbò. Àwọn tí kò fẹ́ rí ará Ireland sójú ló wà nídìí òfin yẹn, 1863 ni wọ́n sì tó fagi lé e, nígbà tí òkú ará Ireland ti pọ̀ lójú ogun. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé èèyàn lè máa dìbò kó má jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kó má lè dìbò. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, torí láìpẹ́, ìbò tí àwọn kan ti dì ló máa tì wọ́n sójú ogun.

Ọ̀nà àbùjá ti ọdún 1862

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1862, òfin kan jáde lórí owó oṣù àwọn ọ̀gá ológun. Abala 21 òfin náà kò bá ọ̀rọ̀ owó oṣù tan rárá. Ó ní àjòjì tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tó wọṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọlá, lè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àkọ́kọ́ rí, ọdún kan péré ni wọ́n sì máa béèrè pé kó ti lò nílẹ̀ náà dípò márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Òfin yẹn kò sọ ṣọ́jà di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó kàn gé ọ̀nà kúrú fún un ni. Ó ṣì máa lọ sí kóòtù. Ó ṣì máa mú ẹlẹ́rìí lọ tó máa sọ pé oníwà rere ni. Ó wá tún máa mú ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ dání, èyí tí kóòtù máa yẹ̀ wò. Ẹni tó sá kúrò lójú ogun kò ní in. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nítorí ìwà kò lè lò ó. Ẹni tó kú sójú ogun kú gẹ́gẹ́ bí àjòjì, òfin yìí kò sì ṣe nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nìkan, torí náà àjòjì tó bá wọn jà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. 1894 ni òfin tó gbọ́ ti àwọn yẹn. Ọ̀pọ̀ àjòjì tó yẹ kó jàǹfààní ni kò sì rìn dé kóòtù. Wọ́n gbà pé ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí ti tó, pé ìjọba tó fọwọ́ sí i ti mọ̀ wọ́n ní ọmọ rẹ̀. Lójú òfin, ìwé iṣẹ́ tó parí lásán ni.

Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ di pàkúté

Ọdún kejì ogun, àwọn tó ń fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ṣọ́jà dín kù gan-an. Òfin ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1863 wá ní ìjọba lè ṣẹ́ kèké kó sì fi tipá mú ọkùnrin èyíkéyìí tí ara rẹ̀ le wọṣẹ́ ṣọ́jà, láti ọmọ ogún ọdún sí márùndínláàádọ́ta, bó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Wọ́n fi àjòjì tó ti búra pé òun fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè kún un. Àjòjì tí kò búra rí, wọn ò lè mú un.

Ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ti ń fayọ̀ gbà wá di ohun tó lè ránni lọ sójú ikú. Àwọn kan sọ pé àwọn ti yí ọkàn padà, pé àwọn ò ṣe ọmọ Amẹ́ríkà mọ́. Ààrẹ Lincoln dá wọn lóhùn nínú ìkéde ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1863: ẹni tó bá ní ìwé àkọ́kọ́, tó ṣì wà nílẹ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ 65, kò lè fi pé òun jẹ́ àjòjì bojú mọ́. Ẹni tó ti fi ìwé àkọ́kọ́ dìbò rí kò tilẹ̀ ní àyè ọjọ́ 65 yẹn. Nígbà tó di oṣù Kejì 1864, òfin mìíràn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àjòjì tó bá ti dìbò tàbí tó ti di ipò ìjọba mú rí kò lè sọ pé àjòjì ni òun. Àgbẹ̀ ará Jámánì kan ní Wisconsin, tó gba ìwé àkọ́kọ́ tó sì dìbò lẹ́ẹ̀kan, wá ń ru ẹrù ọmọ onílé láì tíì ní ìpín nínú ogún.

Iwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni ẹjọ́ yìí ń lọ ní àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ológun tó ń bójú tó ìmúṣẹ òfin náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú dókítà kan àti ẹnì kẹta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló ni ẹrù ẹ̀rí lọ́rùn. Á mú àfidáfíìtì lọ pé òun kò búra rí, pé òun kò dìbò rí, àwọn míì á tún gba ìwé lọ́wọ́ aṣojú ìjọba ìlú wọn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ẹ̀rí ohun tí kò ṣe hàn, nílẹ̀ tí àkọsílẹ̀ kóòtù fọ́n káàkiri bí a ti sọ?

Ọ̀nà mìíràn láti bọ́ ni owó: 300 dọ́là, tàbí kéèyàn wá ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Owó oṣù kúrúùtù ṣọ́jà jẹ́ dọ́là 13, tí èèyàn bá ṣírò rẹ̀, 300 dọ́là jẹ́ gbogbo owó oṣù mẹ́tàlélógún. Ta ni òṣìṣẹ́ èbúté tó rí i san? Ọjọ́ 13 oṣù Keje 1863, New York gbiná. Ọjọ́ mẹ́rin ni rògbòdìyàn náà gbà, àwọn ará Ireland sì pọ̀ nínú àwọn tó dìde. Ilé tí wọ́n ti ń mú orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù, kò pẹ́ tí wọ́n fi dojú kọ àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n so àwọn èèyàn rọ̀ lójú títì. Wọ́n dáná sun ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ òrukàn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ tó lé ní igba ló wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run yọ wọ́n, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde. Àwọn tó kú nínú rògbòdìyàn náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ṣe é sọ pé ogun aláwọ̀ dúdú ni ìjọba fẹ́ kí àwọn lọ kú sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ikọ̀ 54 ti Massachusetts, tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, kọlu odi Wagner ní South Carolina, wọ́n sì kú bí ewé níbẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ mìíràn nínú ogun náà tó fi ìrora àwọn méjèèjì hàn báyìí.

Ọkọ̀ ẹrù David Selsey

Ní 1862, ọkọ̀ ojú omi ìjọba kan dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró ní South Amboy, ní New Jersey. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Elizabeth and Margaret. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ kò kan ẹrù: ọ̀gá ọkọ̀ náà, David Selsey, jẹ́ aláwọ̀ dúdú, òfin sì ní ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tó ń ṣòwò létí òkun Amẹ́ríkà. Salmon Chase, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìṣúná, wá béèrè lọ́wọ́ Edward Bates, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀: ǹjẹ́ aláwọ̀ dúdú lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè?

Bates dáhùn ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1862. Ó ní òmìnira tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí i padà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Taney sọ kọjá ohun tí ẹjọ́ Dred Scott béèrè, torí náà kò de ẹnikẹ́ni. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1857 tí àga gíga bẹ́ẹ̀ máa sọ ọ́ jáde báyìí. Síbẹ̀, ẹ wo ààlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òmìnira ló sọ. Kò fẹnu kan ẹrú, bẹ́ẹ̀ ẹrú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló wà ní Gúúsù. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló máa tẹ̀ lé èrò Agbẹjọ́rò Àgbà, kóòtù lè kọ̀ ọ́. Ó sì sọ gbangba pé jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kò fúnni ní ìbò, torí obìnrin àti ọmọdé jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè láìdìbò.

Ní ti iṣẹ́ ṣọ́jà, ọjọ́ 17 oṣù Keje 1862 kan náà tí ọ̀nà àbùjá jáde fún àjòjì ni òfin mìíràn gbà kí ààrẹ gba àwọn aláwọ̀ dúdú. Òfin yìí kò dárúkọ ìwé kankan. Ó ní ẹrú tó jẹ́ ti ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù, tó bá ṣiṣẹ́ fún ìjọba, di òmìnira. Owó oṣù aláwọ̀ dúdú jẹ́ dọ́là 10, wọ́n sì máa yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ, ó ku 7. Aláwọ̀ funfun ń gba 13, wọ́n tún ń fún un ní owó aṣọ lọ́tọ̀. Àwọn tó kọ òfin náà ń ronú nípa alágbàṣe tó máa gbẹ́ kòtò, kì í ṣe nípa ṣọ́jà.

Àwọn ikọ̀ 54 àti 55 ti Massachusetts kọ owó náà. Ìpínlẹ̀ wọn ní òun máa fi ìyókù kún un, wọ́n tún kọ ìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gba 7, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gbà pé alágbàṣe ni àwọn, alágbàṣe kò sì ní ohun tó máa tọ́ka sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ẹ̀tọ́. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi jagun láìgba kọ́bọ̀, tí ìyàwó àti ọmọ ń jìyà nílé. Nígbà tí Ilé Aṣòfin gbọ́ nígbẹ̀yìn, ní oṣù Kẹfà 1864, wọ́n ní kí gbogbo aláwọ̀ dúdú máa gba owó kan náà láti oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ́ òmìnira ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1861 nìkan ló máa gba àjẹsílẹ̀ láti ọjọ́ tó wọṣẹ́. Ó wá di kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan bi àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé ta ló jẹ́ òmìnira lọ́jọ́ yẹn. Edward Hallowell, ọ̀gá ikọ̀ 54, wá ìbúra kan fún wọn: kí ṣọ́jà búra pé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1861, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gba iṣẹ́ ọwọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú náà lè búra yìí láìparọ́, torí lójú Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ẹrú àná tó kù nínú àwọn ikọ̀ mìíràn dúró títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1865. Ọjọ́ yẹn náà ni òfin sọ ìyàwó àti ọmọ àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú di òmìnira, níbikíbi tí wọ́n bá wà lóko ẹrú.

Frederick Douglass, ẹrú àná tó di gbajúgbajà nínú ìjà láti fòpin sí oko ẹrú, ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní 1863 pé aláwọ̀ dúdú tó bá ti wọ aṣọ ìjọba, tí ìbọn wà léjìká rẹ̀, kò sí agbára kan láyé tó lè sọ pé kò tọ́ sí ìwà ọmọ onílẹ̀. Òótọ́ ni, àríyànjiyàn náà sì lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ló ń sọ, kì í ṣe ohun tí òfin ti wí. Àtúnṣe Kẹtàlá sí ìwé òfin ilẹ̀, tó fòpin sí ẹrú ní oṣù Kejìlá 1865, pàápàá kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1866 ni òfin tó sọ ọ́ jáde, lẹ́yìn tí Ààrẹ Andrew Johnson kọ̀ láti fọwọ́ sí i tí Ilé Aṣòfin sì borí rẹ̀. Kí ẹlòmíràn má baà dìde fagi lé e, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àtúnṣe Kẹrìnlá, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1868: ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tàbí tó gba ìwé níbẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìbò dídì tún yàtọ̀. 1870 ni ìyẹn dé, fún ọkùnrin nìkan.

Ọmọ Kúkáwá nínú ikọ̀ 55

Ní ikọ̀ 55 ti Massachusetts, ṣọ́jà kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fi ibi tí àlàyé Àtúnṣe Kẹrìnlá ti ń já hàn dáadáa. Nicholas Said ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ọmọ bíbí Kúkáwá ní Borno ni, nílẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà lónìí. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á gba aṣálẹ̀ kọjá, ó dé Turkey àti Rọ́ṣíà, ó gbọ́ èdè bíi mélòó kan. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, òmìnira ni. Ó ń kọ́ ọmọ ní Detroit kó tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1863, ó sì di sájẹ́ǹtì.

Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò. Wọn ò bí i sí Amẹ́ríkà, torí náà èrò Bates kò kàn án, òfin 1866 àti Àtúnṣe Kẹrìnlá náà kò sì lè gbà á wọlé nípa ìbí. Àjòjì ni, ṣọ́jà ni, wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá; ọ̀nà àbùjá 1862 sì ní àjòjì èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ tó ní kí ẹni tó máa gba ìwé jẹ́ aláwọ̀ funfun ṣì wà nílẹ̀, abẹ́ òfin yẹn ni ọ̀nà àbùjá sì wà. Èèyàn lè kún gbogbo ohun tí wọ́n béèrè kí àwọ̀ nìkan dá a padà. Ọjọ́ 14 oṣù Keje 1870 ni wọ́n tó tún un ṣe. Sẹ́nétọ̀ Charles Sumner fẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun kúrò pátápátá. Àwọn sẹ́nétọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kọ̀, torí wọn ò fẹ́ kí àwọn ará Ṣáínà wọlé. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan kún un pé ẹni tó wá láti Áfíríkà tàbí tó jẹ́ ìran Áfíríkà náà lè gba ìwé.

Àwọn tí wọ́n fi sẹ́yìn

Àwọn ará Ṣáínà tó jagun náà wá há sí àárín. Kóòtù kọ̀ọ̀kan ń ṣe bó ṣe wù ú: òmíràn á fún wọn níwèé, òmíràn á lé wọn. Òfin 1882 wá ní kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ fún ará Ṣáínà níwèé mọ́. Edward Day Cohota, tí wọ́n bí sí Ṣáínà tí ọ̀gá ọkọ̀ kan sì tọ́ dàgbà ní Massachusetts, jà nínú ikọ̀ 23 ti ìpínlẹ̀ náà, ó tún padà wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ gba ìkejì kí òfin 1882 tó dé. Nígbà tó béèrè lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ìwé kan ṣoṣo ló kù.

Ti àwọn tó ni ilẹ̀ náà látètèkọ́ṣe ló yani lẹ́nu jù. Ely Parker, ọmọ ẹ̀yà Seneca, kọ́ òfin, wọn ò jẹ́ kó di agbẹjọ́rò nítorí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n lé e padà pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun ni. 1863 ló tó ráyè wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gágun Grant, olórí àwọn ọmọ ogun Àríwá, ní kó fi da ìwé àdéhùn ìtẹríba àwọn ọmọ ogun Gúúsù tí Ọ̀gágun Lee ń darí kọ ní Appomattox, ní Virginia, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1865. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà ni òfin 1866 jáde, ó sì yọ àwọn ará Íńdíà Amẹ́ríkà tí kì í san owó orí sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé abẹ́ àṣẹ ẹ̀yà wọn ni wọ́n bí wọn sí, kì í ṣe abẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà. Ní 1884, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí kan náà kọ̀ láti ka John Elk sí ọmọ orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ ti kúrò láàárín ẹ̀yà rẹ̀ tó ń gbé nílùú Omaha. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1924 ni òfin tó gba gbogbo wọn.

Ìwé Amẹ́ríkà lójú ọba Gẹ̀ẹ́sì

Ará Ireland tó ti gba ìwé kejì, tó ti jagun, tó ti ń dìbò, ṣì ní ìṣòro kan tí ìwé rẹ̀ kò lè yanjú. Òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ ọba, abẹ́ ọba ló máa kú sí. Ìbúra tó fi kọ Victoria sílẹ̀ ní kóòtù Amẹ́ríkà kò já mọ́ nǹkan kan ní London tàbí Dublin.

Ní 1867, John Warren àti Augustine Costello, tí àwọn méjèèjì ti jagun fún Àríwá, wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ Erin's Hope láti New York, tó kó ìbọn lọ fún àwọn tó fẹ́ gba Ireland lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ní kóòtù, Warren ní òun jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ kan tó ti wà tipẹ́ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì: kí ìdajì àwọn tó máa dá ẹjọ́ àjòjì jẹ́ àjòjì. Adájọ́ kọ̀ ọ́. Ireland ni wọ́n bí i sí, ọmọ abẹ́ ọba ni. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 15, Costello ọdún 12.

Ariwo náà mi Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 1868, kò tó oṣù kan lẹ́yìn Àtúnṣe Kẹrìnlá, Ilé Aṣòfin ṣe òfin pé ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni láti fi orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ kó gba òmíràn, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹni tó gba ìwé nílẹ̀ òkèèrè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa dáàbò bo ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọ́n dá Warren àti Costello sílẹ̀ ní 1869. Ní oṣù Karùn-ún 1870, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà, nínú òfin tirẹ̀ àti nínú àdéhùn tó bá Amẹ́ríkà ṣe, pé ọmọ abẹ́ ọba tó bá gba ìwé níbòmíràn ti bọ́ lábẹ́ ọba. Òfin 1870 yẹn kan náà ló fagi lé ẹ̀tọ́ tí Warren béèrè fún, pé kí àjòjì jókòó dá ẹjọ́ àjòjì.